Igi Etí Òrùlé

Mùínátù kò dìde. Àpótí tó máa ń jókòó lé bó bá ń ro ọṣẹ dúdú ló gbé sí agbedeméjì ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé àfi kó fò ó. Adébíyìí, akọ̀wé àwọn oníwàádìí àrùn tó wá láti Adó, dúró níwájú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù àti bírò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àpótí funfun tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àti ìgò ẹ̀jẹ̀ sí wà lọ́wọ́ òsì. Landirófà wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ kò sì pa ẹ́ńjìnnì, torí wọn kò gbèrò láti pẹ́.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni," Adébíyìí ní. "Orí ìka ọmọ lásán la ó gún. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí."

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà léṣìí, kí lẹ rí nínú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ọ̀rọ̀ tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní èsì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kiri ojúlé. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ní yunifásítì, àwọn ló lè kà á. Mùínátù ní kò burú, kó lọ sọ fún àwọn ọ̀gá náà pé ẹ̀jẹ̀ Ìlódò kò sí fún títà, kò sì sí fún fífi tọrẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sínú ilé, ó ní kí Àìṣà bu omi wá fún àlejò.

Ọmọbìnrin náà pẹ́ kó tó jáde, kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ìró ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ká, kò sì ṣe é nà mọ́. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò lè ṣe é dójú ẹ̀, ó bá tẹrí ba, ó na kọ́ọ̀bù omi sí Adébíyìí. Omi náà pọ́n díẹ̀. Adébíyìí wo kọ́ọ̀bù, ó wo fíláàsì tó gbé kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó ní òun ti mu omi lọ́nà.

"Bẹ́ẹ̀ náà lo wí léṣìí," Mùínátù ní. "Ṣé o rántí?"

Kò rántí. Mùínátù rántí.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, ní oṣù kìíní ọdún 1977. Sòbìà ti ń yọ lára àwọn ará Ìlódò, bó ṣe máa ń yọ lọ́dọọdún nígbà tí Àbàtà, adágún kan ṣoṣo tí ìlú náà ń pọn, bá ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin fi ní láti wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí kí igbá rẹ̀ tó rí omi bù. Ìdajì ìlú ló wà lórí ẹní nínú abà oko, torí pé ibi tí sòbìà bá ti dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi san. Jùbrílù, ọkọ Mùínátù, wà ní abà tirẹ̀ pẹ̀lú méjì lọ́rùn ẹsẹ̀. Àìṣà wà nínú yàrá pẹ̀lú ọ̀kan lórúnkún, ó ń ki aṣọ bọ ẹnu kí àlejò má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Ibi tí Adébíyìí dúró sí lónìí yìí gan-an ló dúró sí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Kò sí àìsàn?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," Mùínátù ní. "Kò séwu."

Kí lẹ fẹ́ kó wí? Ní Ìlódò, bó ti rí ní Ìgèdè, bó ti rí ní Ìyìn, ọmọlúàbí kì í gbé àìsàn ilé rẹ̀ lé ẹni tó wà lórí ìdúró lọ́wọ́. Ìkíni ni ìkíni. Àlejò yóò jókòó, yóò gba omi, yóò béèrè oko, yóò béèrè ọjà, lẹ́yìn náà ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, báwo lara ṣe rí ní tòótọ́. Ìgbà yẹn ni onílé yóò mí kanlẹ̀ tí yóò sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀. Adébíyìí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Ìyìn ni. Bí ìyá tó bí i ṣe ń dáhùn nìyẹn láràárọ̀, títí kan àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ilé méjìlélọ́gọ́rin ló gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀, awakọ̀ sì ń fun fèrè. Ó kọ ọ́ pé kò sí. Ó béèrè iye ọmọ, Mùínátù ní Ọlọ́run ṣe é, wọ́n wà. Ó wo àwọn méjì tó ń ṣeré lágbàlá, ó kọ méjì, ó gún orí ìka wọn, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Mùínátù gbé omi wá, Adébíyìí ní òun ti mu omi lọ́nà, ó sì gba ojúlé kejì lọ. Níbẹ̀ náà, wọ́n sọ fún un pé kò séwu.

Ká ní ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré ni, ì bá rí òtítọ́ lókè orí ara rẹ̀. Igi tín-ín-rín, tí kò gùn ju ìka lọ, ni àwọn ará Ìlódò fi ń ká sòbìà bó ṣe ń yọ, díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, kó má baà já sínú ẹran ara. Bó bá yọ tán, wọn kì í ju igi náà nù. Etí òrùlé, lókè ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n ń há a sí, kí sòbìà má baà tún padà sọ́dọ̀ ẹni tó ti fìyà jẹ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́ láàárín ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, igi mẹ́sàn-án ló wà lókè fìlà Adébíyìí.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ìwádìí náà kò dé Ìlódò. Kò sẹ́ni tó rántí láti fi ránṣẹ́. Monínúọlá, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà, ló rí i lórí tábìlì ní ọ́fíìsì kan ní Adó nígbà tó lọ gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀bẹ̀ gbà á. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Monínúọlá, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè àfi bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Ó gbé ìwé náà wá sí ìdí ìkòkò ọṣẹ Mùínátù, nítorí pé nínú gbogbo ọmọ tó ti kọ́, Àìṣà ló fẹ́ràn jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bó ṣe ń kà á ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ó kà á dé ibì kan, ó fẹ́ pa ìwé náà dé.

"Ẹ kà á, Tíṣà," Mùínátù ní.

"'Ìlódò. Ilé méjìlélọ́gọ́rin. Ènìyàn irinwó ó dín mẹ́wàá. Sòbìà: kò sí.'"

Ó ṣí ewé kejì. Àwọn ìlú tí sòbìà ti pọ̀ jù ni ìjọba yóò gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ ní títò, Ìlódò kò sí lára wọn. Mùínátù béèrè ẹni tó sọ pé kò sí. Monínúọlá ní wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn, sòbìà Àìṣà ti já sínú orúnkún. Oṣù mẹ́ta ló fi wú, nígbà tó sì máa lọ sílẹ̀, orúnkún náà ti gan pa síbẹ̀. Ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní nínú eré sísá, tó ti yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ní Adó kí ọyẹ́ tó dé, kò lè dìde lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mùínátù rò ó, ó tún un rò, ọṣẹ jóná mọ́ ìdí ìkòkò níwájú rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́, Tíṣà," ó ní. "Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ọmọ mi ń ké nínú yàrá, mo ní kò séwu."

Monínúọlá bá a gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Mùínátù fi bá ara rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó dá ara rẹ̀ láre. Ó rántí pé ọkùnrin yẹn kò jókòó. Ọmọ ilé ni, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò kàn ṣe é ni. Ẹ̀bi kúrò lára obìnrin náà, ìbínú gba ipò rẹ̀, ó sì jẹ́ irú ìbínú tó ní sùúrù. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá wá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún wá. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

"Jókòó," ó sọ fún Adébíyìí wàyí. "Mu omi ulé mi. Bí o bá mu ún tán, béèrè ohun tó wù ọ́, mà á sọ ọ́ fún ọ láìku ẹyọ kan."

"Màmá, omi yìí kò dáa," Adébíyìí ní, kó tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

"Ta ló sọ fún ọ? Nínú ìwé yín, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

Adébíyìí kọjá sí ojúlé kejì. Obìnrin onílé ti gbé àpótí dí ẹnu ọ̀nà, kọ́ọ̀bù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Títí dé ìparí ìlú, kò sí ẹnu ọ̀nà tí obìnrin kò jókòó dí, gbogbo wọn sì ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n ń béèrè ìyàwó, wọ́n ń béèrè ọmọ. Inú bí i. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìlódò kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí wọ́n sì rántí pé abẹ́ ìjọba ológun la ṣì wà, àwọn olóṣèlú kò tíì dé. Wọ́n ní kó kọ ọ́, kó ṣáà rí i pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ lọ́tẹ̀ yìí. Landirófà gbé àpótí funfun padà sí Adó, gbogbo ìgò inú rẹ̀ ló ṣófo.

Kíkọ̀ rọrùn. Ohun tó tẹ̀lé e ló le. Monínúọlá ní bí ìlú bá fẹ́ ta ko ìwé, àfi kí ìlú ní iye tirẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú ìwé tuntun wá láti kọ orúkọ gbogbo ẹni tí sòbìà mú. Wọn kò tíì dé ilé kẹrin tí ọ̀rọ̀ fi dàrú. Kò sí ìyá tó gbà kí wọ́n ka àwọn ọmọ òun, kí wọ́n sì kọ àìsàn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Nígbà tó kan Mùínátù fúnra rẹ̀, òun náà kò lè ka tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, ojú ń tì í, ó bá gbójú sókè wo etí òrùlé.

"Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn sílẹ̀," ó ní. "Ugi la ó kà."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn obìnrin fi ṣa igi. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé àwọn abà tí Landirófà kò lè dé, wọ́n bá àwọn ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n so òwú funfun mọ́ ti ọmọdé, wọ́n so dúdú mọ́ ti àgbà. Olúgbádé nìkan ló kọ̀. Bàbá àgbẹ̀ oníkòkó kan ni, igi kan ṣoṣo ló sì wà létí òrùlé rẹ̀, ti Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí ojú egbò sòbìà rẹ̀ rà títí tó fi pa á. Ó ní ohun tó kù sí òun lọ́wọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò bá a jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sí Adó, ó wá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igi náà lé orí àwọn yòókù nínú abọ́ tánganran, ó ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó sọnù.

Dókítà Ọlátúbọ̀sún, olórí àwọn oníwàádìí náà, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń bí ènìyàn nínú. Ó gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga fún Àìṣà, ó sì rọra ṣàlàyé pé ìwé ti jáde, ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé òkè òkun, àwọn tó ń gbẹ́ kànga sì ti ń fi í ṣiṣẹ́. Bóyá ní ọdún méjì sí i. Ó ní ohun tí àwọn ará ìlú sọ náà ni àwọn kọ.

"Orúkọ ta ló wà lára ìwé náà?" Mùínátù béèrè.

Monínúọlá kà á: orúkọ Dókítà ló ṣíwájú, ti àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e.

"Tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní àwa la sọ ọ́. Bí a bá tó fi ṣe ẹlẹ́rìí pé kò sí, kí ló dé tí ẹ ò pè wá nígbà tí ẹ ń kọ ọ́?"

Dókítà fẹ́ dáhùn. Mùínátù kò dúró dè é. Ó gbé abọ́ náà, ó sì dà á sórí tábìlì, lé ìwé náà lórí. Àwọn igi náà tú ká, sòbìà gbígbẹ wà lára wọn bí òwú ìránṣọ tó ti gbó, àwọn kan sì yí bọ́ sílẹ̀. Adébíyìí, tó wà nídìí tábìlì tirẹ̀ ní igun yàrá, dìde dúró.

"Òun ni kó kà á," Mùínátù ní. "Kí ẹ má tún ní àwa la sọ ọ́."

Adébíyìí kúnlẹ̀, ó ṣa àwọn tó bọ́ sílẹ̀. Ó kà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ń tò wọ́n sí etí tábìlì, ó sì tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó kà wọ́n tán. Irinwó ó lé mẹ́fà ni, ti ọ̀gbẹlẹ̀ méjì péré, àwọn tó ní òwú funfun sì ju ìdajì wọn lọ. Ó tún un kà. Dókítà fa ìwé rẹ̀ yọ láàárín wọn, ó wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo ènìyàn tó wà ní Ìlódò jẹ́ irinwó ó dín mẹ́wàá, kò sì tètè gbé orí sókè.

Nígbà tó gbé e, ojú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ojú oníwàádìí ló ṣì jẹ́. Ó ní òun kò rí irú èyí rí. Ó ní kí wọ́n fi àwọn igi náà sílẹ̀, kí òun gbé wọn lọ sí yunifásítì, òun yóò kọ ìwé tuntun lé wọn lórí. Mùínátù ti ń kó wọn padà sínú abọ́.

"Wọ́n á bá wa relé," ó ní. "Ìyàwó ẹnì kan wà nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ wá sí Ìlódò, kí ẹ jókòó. Ọmọ tiwa ni yóò mú bírò. Ohun tó bá kọ, ẹ ó mú ọ̀kan, ìlú ó mú ọ̀kan, kò sì ní í kúrò nílùú kí wọ́n tó kà á sétí gbogbo wa."

Dókítà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí.

"A ti rí bí ẹ ṣe ń ṣe é, sà," Monínúọlá ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mùínátù gbọ́ tó gbóhùn sókè láìsí orin lẹ́nu rẹ̀.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Dókítà tó wá, ṣùgbọ́n ó wá. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga ti kúrò ní agbègbè náà nígbà yẹn, Àbàtà sì ti fà; nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n kọjá lára àwọn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ dé ìbàdí pẹ̀lú igbá. Mùínátù gbé àga tó dára jù nílé síta. Abọ́ igi wà lórí ẹní. Àìṣà jókòó lórí àpótí ọṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká wà lórí ìrọ̀rí, ìwé tí Monínúọlá fà ní ìlà wà lórí itan rẹ̀, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú ló pé, àní Olúgbádé náà wà níbẹ̀, ó jókòó ti abọ́ igi. Adébíyìí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí, nítorí kò sí ohun kankan nínú wọn. Obìnrin kan ní kó jókòó, ó bá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

Dókítà jókòó. Ó kí wọn. "Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?" ó ní.

"A dúpẹ́," gbogbo wọn dáhùn. "Kò séwu."

Àìṣà kò kọ nǹkan kan.

Mùínátù fúnra rẹ̀ ló bu omi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀bù náà fún un, òun náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Oòrùn wọ inú omi náà. Dókítà rí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ta pútúpútú nínú rẹ̀, àwọn tó ń gbé sòbìà wọnú ẹni tó bá mu wọ́n, ó sì mọ orúkọ wọn ju ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú ń wò ó. Ó gbé kọ́ọ̀bù dé ẹnu, ó dúró. Nígbà tó yá, ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí òkúta ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "N kò lè mu ún."

Mùínátù yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kọ ìyẹn sílẹ̀ ná," ó ní.